Bí A Ṣe Lè Máa Gun Ẹṣin, Kí A sì Máa Kọ́ Ọ, Nígbà Òtútù Láìsọ Ìtara Nù

Ní agbègbè Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mò ń gbé, oòrùn máa ń wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì títí di aago 5 yóò bá òkùnkùn lọ́gbà ẹṣin, òjò winniwinni á máa rọ̀ sí i lára, ẹrẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹṣin tó wá gùn á sì ti yíràá nínú ẹrẹ̀ láti etí dé ìrù. Ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtara ọ̀pọ̀ agẹṣin ti ń kú, wọn a sì máa rò pé ìfẹ́ tí àwọn ní sí ẹṣin ló ti tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé òṣùwọ̀n oṣù Keje, nígbà tí ojú ọjọ́ ń mọ́lẹ̀ títí di aago 9 alẹ́ tí ilẹ̀ sì gbẹ, ni a fi ń wọn iṣẹ́ oṣù Kejìlá, òṣùwọ̀n náà kò sì lè kún láéláé. Ẹni tó bá fún ìgbà òtútù ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà mọ níwọ̀n tí òkùnkùn àti ẹrẹ̀ kò fi ní lè dí i lọ́wọ́, yóò rí i pé ìtara rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Ìlọrin ni mo ti kọ́kọ́ gun ẹṣin nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọyẹ́ sì ni òtútù tó le jù lọ tí mo mọ̀ nígbà náà. Ìgbà òtútù kẹsàn-án mi nílùú òyìnbó nìyí, mo sì ń bá ẹnì kan pín ìtọ́jú abo ẹṣin kan tó wọ̀n tó 500 kílò. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ni èmi ń pè é, etí rẹ̀ méjèèjì a sì yí sọ́dọ̀ mi bí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo fi í sílẹ̀ láìgùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ojú sì ń tì mí láti padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Kánádà tàbí ní apá àríwá Amẹ́ríkà, tí ẹ ń gun ẹṣin tàbí tí ẹ ń gbé ọmọ lọ kọ́ ọ.

Ẹ parí ìpinnu kí òkùnkùn tó dé

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, láti ọjọ́ náà ni ìrọ̀lẹ́ sì ti ń bọ́ mọ́ agẹṣin lọ́wọ́. Ẹ má ṣe dúró dìgbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ti jókòó wo bí ọ̀sẹ̀ yín ṣe rí, kí ẹ sì mú ọjọ́ mẹ́ta péré tí ẹ ó máa gun ẹṣin: Sátidé àti Àìkú ní ojúmọmọ, pẹ̀lú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, yálà ní òwúrọ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ tàbí lábẹ́ iná pápá ìgẹṣin bí ọgbà yín bá ní in. Ní ọjọ́ mẹ́rin yòókù, ẹṣin yóò jáde lọ sí pápá, yóò jẹun, yóò mumi, ẹnì kan yóò sì yẹ ara rẹ̀ wò. Kò sí ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni nínú ìyẹn. Mo ti rí àwọn tó búra ní oṣù Kẹwàá pé ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni àwọn yóò máa gùn, tí a kò sì rí ẹsẹ̀ wọn mọ́ nígbà tí oṣù Kìíní fi dé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìpinnu ni pé ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ọgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá òun yóò gùn tàbí òun kò ní gùn, òtútù ni yóò bá a dáhùn. Bí ọjọ́ bá ti wà nílẹ̀, tí aṣọ ìgẹṣin ti wà nínú ọkọ̀ láti alẹ́ àná, tí ìbọ̀wọ́ gbígbẹ wà nínú àpò, tí oúnjẹ díẹ̀ sì wà tí ẹ lè jẹ lójú ọ̀nà, kò sí ìjíròrò kankan mọ́. Láti ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti máa lọ tààrà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yà sílé, tó bọ́ bàtà, tó sì mu tíì gbígbóná, kì í jáde mọ́.

Àdéhùn kan tún wà tí mo máa ń bá ara mi ṣe ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ mí gan-an: mo ṣèlérí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. N óò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà nu ara Àdùkẹ́, n óò yẹ pátákò rẹ̀ wò, n óò mú un rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni n óò wá pinnu. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ara tèmi náà bá ti móoru tán, gàárì ni mo ń lọ gbé. Ní ọjọ́ tí n kò bá gbé e, mo ti ṣe ohun tó wúlò, mo sì ń lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa pàdé níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ti dúró dè yín pẹ̀lú ẹṣin tí wọ́n ti di ní gàárì, ẹ ó jáde nílé. Olùkọ́ tí a ti san owó ẹ̀kọ́ fún ṣáájú náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì sì tó. Bí ẹ bá sì ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó ka èyí, àwọn àgbà wa ti sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹṣin kò mọ iye ọjọ́ tí ẹ fi pẹ́, kò sì ní bi yín.

Iṣẹ́ tí ìgbà òtútù dára fún

Àwọn baba ńlá wa tó gun ẹṣin mọ̀ pé àsìkò ló ń yan iṣẹ́ fún ẹṣin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ń jáde lọ sógun, nígbà tí odò ti fà tí ilẹ̀ sì ti le. Àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n. Ní Vienna, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Austria, Ọba Charles Kẹfà ní kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan láàárín ọdún 1729 sí 1735, nínú èyí tí àwọn ẹṣin funfun Lipizzaner ti ń gba ẹ̀kọ́ títí di òní, orúkọ gbọ̀ngàn náà sì ni Ilé Ìgẹṣin Ìgbà Òtútù. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹṣin níbẹ̀ kì í ṣe eré àsápajúdé. Ìgbésẹ̀ tó dọ́gba ni, dídúró láìmira, títẹ ara sọ́tùn-ún àti sósì, àti gbígbọ́ àṣẹ tó kéré débi pé ẹni tó ń wò kò ní mọ ìgbà tí agẹṣin pa á. Irú iṣẹ́ báyìí kò nílò ju pápá 20 mítà sí 40 mítà lọ, ẹṣin tó ń rìn lásán sì lè kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé agbára ẹṣin yóò lọ bí a kò bá sá eré. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹṣin tí ara rẹ̀ ti le kì í pàdánù agbára ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kíákíá bí ènìyàn. Bó bá tilẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, díẹ̀ ni yóò dín kù. Ohun tó ń gba àkókò láti tún kọ́ ni egungun àti iṣan líle tó so mọ́ egungun, ìdí sì nìyẹn tí ogún ìṣẹ́jú ìrìn tó ní láárí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fi sàn ju wákàtí méjì eré lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Ẹni tó bá fi ẹṣin sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá, tó wá gùn ún kútúpà-kútúpà ní ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo tí oòrùn yọ nínú oṣù Kejì, ẹṣin náà lè fi ẹsẹ̀ rírọ san gbèsè rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń yàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Kọkànlá, Àdùkẹ́ ní láti dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí mo bá ń fi ẹsẹ̀ sínú àlùkẹ́ḿbù, títí n óò fi jókòó tí n óò sì tún aṣọ mi ṣe, láìgbé ẹsẹ̀ kan. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá lọ́dún tó kọjá. Nínú oṣù Kejìlá, láti ìrìn sí ìdúró àti láti ìdúró sí ìrìn, kí ó máa gbọ́ èémí àti ìjókòó mi kí n tó fa okùn ìjánu. Nínú oṣù Kìíní, kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn kúrò níbi tí ẹsẹ̀ mi ti kàn án. Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí mi lọ́gbà, ìlà kan ni mo ń kọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìgùn kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tí a ṣe, ohun tó sàn ju ti ìjẹ́ta lọ. Nígbà tí ọkàn mi bá rẹ̀wẹ̀sì, ìwé yẹn ni mo ń kà, nítorí pé ìlọsíwájú ìgbà òtútù kéré débi pé ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní rántí pé ó wà.

Ara ẹṣin yàtọ̀ sí ara yín

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà nínú ooru ni àánú ẹṣin ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, àánú yìí sì ń di àwáwí láti má jáde. Ẹṣin tó ní irun ìgbà òtútù, tí ara rẹ̀ gbẹ, tí koríko sì wà níwájú rẹ̀, ń gbádùn ojú ọjọ́ tí eyín àwa fi ń wa pọ̀. Ní àwọn ibi tí ara ẹṣin ti mọ́ òtútù líle, bíi Kánádà, òtútù lè dé nǹkan bíi -15°C kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná agbára pàtàkì láti móoru. Ní Yakutia, ní Siberia ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìta ni àwọn ẹṣin ń gbé láti ọdún dé ọdún níbi tí òtútù ti ń kọjá -50°C, wọ́n sì ń fi pátákò wa yìnyín kí wọ́n tó rí koríko jẹ. Ohun tó ń dá ẹṣin lágara ni kí òjò àti afẹ́fẹ́ jùmọ̀ bá a, nítorí pé òjò ń lẹ irun tó dúró ṣánṣán mọ́ ara, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí irun náà dì mú a sì sá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú ẹṣin yín, ẹ má ṣe di etí rẹ̀ mú. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ gbé e lé ẹ̀yìn ejìká. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tó sì gbẹ, kò sí nǹkan kan. Bó bá ń làágùn, aṣọ tí ẹ dà bò ó ti pọ̀ jù, mo sì máa ń rí èyí ju òtútù lọ.

Koríko gbígbẹ ni iná ìdáná ẹṣin. Nínú ìfun ńlá rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń fọ́ koríko náà sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ wọn sì ń mú ooru jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹṣin tó wọ̀n tó 500 kílò nílò nǹkan bíi kílò 7 àbọ̀ sí 10 lójúmọ́, ní alẹ́ tí òtútù bá sì le, koríko ni kí ẹ fi kún un kí ẹ tó ronú nípa ọkà.

Ọ̀rọ̀ omi ló yẹ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ. Koríko tútù tó wà ní pápá nígbà ooru jẹ́ omi ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n koríko gbígbẹ kò ní omi tó nǹkan nínú, ẹṣin tó ń jẹ ẹ́ sì nílò láti mu lítà 20 sí 40 lójúmọ́, gẹ́lẹ́ ní àkókò tí omi inú agbada ti tutù débi tí kò fẹ́ fẹnu kàn án. Bí kò bá mu tó, oúnjẹ á gbẹ sínú ìfun rẹ̀, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, inú rírun sì lè pa ẹṣin. Ẹ máa fọ́ yìnyín ojú omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì kó èyí tí ẹ fọ́ jáde. Bí ẹ bá lè gbé garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan fún un nígbà tí ẹ bá dé, yóò mu ún ju ti tútù lọ. Iyọ̀ díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́ láti mumi. Mo ń sọ èyí nínú ìtọ́sọ́nà nípa ìtara nítorí pé ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá wúwo jù, garawa omi yẹn gan-an ni ó ń gbé mi jáde nílé. Ìgùn lè dúró dọ̀la, ṣùgbọ́n omi kò lè dúró.

Ẹ má ṣe ti fèrèsé ilé ẹṣin pa nítorí òtútù. Eruku koríko àti òórùn ìtọ̀ tó há sínú ilé ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin jẹ́, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ tútù lọ.

Ní ti ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀, kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dermatophilus congolensis, tó ń wọ awọ ara tí omi ti rọ̀, tó sì ń fa ègbo àti èépá sí ẹsẹ̀ ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun kan náà ló ń yọ àwọn màlúù lẹ́nu nílé lọ́hùn-ún nígbà òjò. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa fi omi fọ ẹsẹ̀ ẹṣin lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà gbẹ, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n dànù. Iṣẹ́ tó dín kù fún yín ni, ó sì sàn fún ẹṣin.

Aṣọ agẹṣin

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju ẹ̀wù ńlá kan ṣoṣo lọ, torí pé ẹ lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ bá mú yín móoru. Òwú kò dára fún èyí tó kan ara. Ó ń gba òógùn mọ́ra, ó sì ń tutù bí omi. Ẹ má ṣe wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó há, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ọmọ ìka. Bàtà òjò tó fẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ inú àlùkẹ́ḿbù, nítorí pé ó lè há síbẹ̀ bí ẹ bá ṣubú. Ìbọ̀wọ́ méjì ni kí ẹ máa mú lọ, èyí tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ inú ilé ẹṣin àti èyí tí ẹ ó fi gùn. Akoto kò ní àsìkò tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni.

Bí ìgùn ṣe yẹ kó rí

Ẹ mú irin ìjánu mọ́wọ́ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́, tàbí kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná díẹ̀, kí ẹ tó fi í sí ẹnu ẹṣin. Irin tó tutù bíi yìnyín lórí ahọ́n ń dunni, ẹṣin tó ti mọ ìrora yẹn yóò sì máa gbé orí sókè nígbà tó bá ti rí ìjánu, ìjà yẹn nìkan sì tó láti pa ìtara ẹni tó ń gùn ún.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ìrìn ni. Ẹ fi aṣọ bo ìbàdí ẹṣin títí iṣan ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, ẹ jẹ́ kó na ọrùn sílẹ̀, kó máa gbé ẹsẹ̀ gígùn. Nígbà ooru a máa ń kánjú kọjá ibí yìí, ṣùgbọ́n nígbà òtútù ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Mo máa ń ka ìgbésẹ̀ Àdùkẹ́ sókè ní èdè wa, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí ìjókòó mi àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bá ara wọn mu, ó sì yà mí lẹ́nu bí kíkà yẹn ṣe ń lé gbogbo wàhálà ọ́fíìsì kúrò lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn náà, ogún ìṣẹ́jú fún ohun tí ẹ yàn fún oṣù náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó yàtọ̀, ẹ to ọ̀pá igi mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹṣin máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn: àlàfo tó tó 0.8 mítà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì fún ìrìn, àti láàárín 1.2 sí 1.4 mítà fún ìsá jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí gígùn ìgbésẹ̀ ẹṣin yín bá ṣe mọ. Ọ̀pá yìí ń mú ẹṣin gbé orúnkún sókè, ó ń mú ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì ń mú kó máa ronú, láìjẹ́ pé ó sá eré kankan. Ní alẹ́ tí n kò ní agbára ju ìyẹn lọ, ọ̀pá mẹ́rin yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa.

Nígbà tí ohun tí ẹ ń kọ́ bá dára lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹṣin tó parí iṣẹ́ pẹ̀lú ìyìn yóò bọ̀ wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà pápá lọ́tunla, kò sì sí ohun tó ń fa agẹṣin jáde nílé bí ẹṣin tó ń rìn bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ẹ rìn títí èémí rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Bí ara rẹ̀ bá lómi òógùn, ẹ bò ó pẹ̀lú aṣọ onírun tàbí èyíkéyìí tó ń fa omi jáde, kí ẹ sì dúró kí ó gbẹ kí ẹ tó da aṣọ òjò rẹ̀ bò ó. Èyí lè gba wákàtí kan lára ẹṣin tí irun rẹ̀ nípọn, ìdí kan sì nìyẹn tí iṣẹ́ alẹ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí kò ní mú un làágùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ líle máa ń gé irun abẹ́ ọrùn, àyà àti ikùn ẹṣin wọn kúrò kí òógùn lè tètè gbẹ. Ó dára fún wọn. Ẹṣin tó ń rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kí a gùn

Òtútù kọ́ ni kí ẹ máa wò, ilẹ̀ ni. Bí ojú ilẹ̀ bá ń dán, ẹ má gun ẹṣin, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bó bá le bí òkúta ṣùgbọ́n tí kò yọ̀, ẹ lè rìn, ẹ má sá. Nínú yìnyín tó rọ̀ lórí ara wọn, ó máa ń dì mọ́ abẹ́ pátákò, pàápàá ẹṣin tó wọ bàtà irin, títí yóò fi dà bí ẹni pé ẹṣin ń gun bọ́ọ̀lù rìn. Ẹ fi faselíìnì kun abẹ́ pátákò kí ẹ tó jáde, ẹ mú irin tí a fi ń tú pátákò dání, bó bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ bi alágbẹ̀dẹ ẹṣin yín nípa rọ́bà tí wọ́n ń fi sábẹ́ bàtà irin. Ní tèmi, bí òtútù bá ti kọjá -10°C, n kì í jẹ́ kí Àdùkẹ́ ṣe ohun tó lè mú un mí gúlegúle.

N kì í gun ẹṣin lójú títì tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022 ni òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé kí awakọ̀ má ṣe kọjá máìlì 10 ní wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, kó sì fi àyè tó tó mítà 2, ó kéré tán, sílẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò lè pa òfin mọ́ fún ohun tí kò rí. Ní ojúmọmọ gan-an, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn yanranyanran, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún ẹṣin náà.

Ní irú ọjọ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ ilẹ̀ wà. Ẹ lè mú ẹṣin rìn lọ́wọ́, kí ẹ kọ́ ọ láti fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí ó yí ìdí kúrò níwájú ọwọ́ yín, kí ó tẹ̀ lé ejìká yín láìfa okùn. Ẹ lè fi kárọ́ọ̀tì mú un na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ lè jókòó síbi tó móoru, kí ẹ fi ọṣẹ àti òróró nu gàárì, nítorí pé awọ tó tutù tí kò rí òróró ń sán. Ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí mo kàn fi wákàtí kan nu ara Àdùkẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ fìtílà, tí òjò ń lu òrùlé, tí òun sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ẹṣin nìkan ló sú yín, tí oúnjẹ, oorun àti ọ̀rọ̀ ènìyàn náà kò wu yín mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀. Àìsí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, ìtọ́jú sì wà fún un.

Nígbà tí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í re

Gígùn ojúmọ́ ni ara ẹṣin fi ń mọ àsìkò. Kí àwa tó mọ̀ pé ọjọ́ ti ń gùn sí i, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, láti ìparí oṣù Kìíní sí oṣù Kejì sì ni irun ìgbà òtútù yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, díẹ̀díẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ìkúnwọ́. Àmì yìí ni mo ń dúró dè, nítorí pé òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń fi ìsá jẹ́jẹ́ oníṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún kún ìrìn wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn, bẹ́ẹ̀ títí aago yóò fi padà síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mo bá dé láti ọ́fíìsì tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, mo máa ń jẹ́ kí Àdùkẹ́ sáré kútúpà gba ẹ̀gbẹ́ gígùn pápá lọ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì rìn padà wálé.